Káàdì Wà Lọ́wọ́, Ìtọ́jú Kò Sí! Ìnṣọ́ránsì Aládàáni Kò Lè Gba Alátà àti Télọ̀ Là

Ìlera loògùn ọrọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọrọ̀ gan-an ló ti wá di oògùn ìlera. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tí àìsàn bá gbé e dè, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú onítọ̀hún. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù, kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, ọ̀dọ̀ akápò ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kí ará ilé rẹ̀ lọ. Owó káàdì, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó ibùsùn, títí dórí owó ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì máa fi tọ́jú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kà sílẹ̀ bí ẹni ń ka lísìtì ẹrù ìyàwó.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ṣe gbé ìnṣọ́ránsì ìlera dé, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní adójútòfò. Wọ́n ní kí èèyàn má dúró di ọjọ́ àìsàn kó tó máa sáré owó kiri. Kí oníkálukú máa dá díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá wá fi owó náà gba ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ adùn àjọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ilé iṣẹ́ aládàáni ṣe alágbàtà láàárín aláìsàn àti dókítà, ẹni tó ní káàdì ń ráhùn. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Ẹkún ló ń sun.

ÀJỌ TÍ ALÁÌSÀN NÌKAN Ń KÓ

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ ká mọ bí àjọ ìlera ṣe yàtọ̀ sí èsúsú tí wọ́n ń dá nínú ọjà. Bí 20 èèyàn bá ń dá 5,000 náírà, 100,000 náírà ló máa kan ẹni tó bá kàn láti kó o. Bó pẹ́ bó yá, gbogbo wọn ló máa kó tiwọn. Ìnṣọ́ránsì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń dá a, aláìsàn nìkan ló ń kó o. Ẹni tí kò bá ṣàìsàn lọ́dún náà kò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà, ọpẹ́ ló máa dú pé òun kò dé ọsibítù.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé àwọn tí ara wọn le máa ń pọ̀ ju àwọn tí ara wọn kò yá lọ. Bí 1,000 èèyàn bá dáwó jọ, tó jẹ́ pé 10 péré nínú wọn ló nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dún yẹn, owó á tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 20 èèyàn ló dá a, tí 10 nínú wọn jẹ́ aláìsàn, àjọ ti fọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni àjọ ìlera ń fẹ́. Àkọ́kọ́, kí èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀, onílera àti aláìsàn, olówó àti mẹ̀kúnnù. Èkejì, kí ẹni tó ń tọ́jú owó náà má ṣe máa jèrè nínú pé kò sanwó fún aláìsàn. Ibi méjèèjì yìí gan-an ni ìnṣọ́ránsì aládàáni ti ṣubú.

"Ẹ DÚRÓ NÁ, WỌN KÒ TÍÌ FÚN WA NÍ KÓÒDÙ"

Ọdún 1999, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ń múra àtilọ, ni wọ́n ṣe òfin tó dá ètò NHIS sílẹ̀. Ọdún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní tòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18.

Ṣùgbọ́n owó náà kì í lọ sí ọsibítù tààrà. Wọ́n fi àwọn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HMO sáàárín. Aládàáni ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan náà yìí ló tún ń ta ìnṣọ́ránsì tiwọn fún àwọn báńkì, ilé iṣẹ́ epo àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá mìíràn tó fẹ́ rà á fún òṣìṣẹ́ wọn.

Bó ṣe ń lọ rèé. Fún àìsàn kéékèèké bí ibà, iye kan wà tí HMO máa ń san fún ọsibítù lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, yálà onítọ̀hún wá o, yálà kò wá. Bó bá jẹ́ àìsàn ńlá, èyí tó gba dókítà àgbà, àyẹ̀wò olówó gọbọi tàbí iṣẹ́ abẹ, ọsibítù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ HMO. Àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Kóòdù kò dé, ìtọ́jú kò bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, inú á máa run ún, nọ́ọ̀sì á ní: "Ẹ má bínú, Màmá, a ti pè wọ́n, wọn ò tíì dá wa lóhùn ni." Bí wọ́n bá pe fóònù lẹ́ẹ̀kan, kò ní lọ. Bó bá lọ, wọ́n á ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ránṣẹ́, wọ́n á ní ìwé kan kù. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ débi pé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò náà pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kó tó fún ọsibítù ní kóòdù. Ẹ wò ó dáadáa o: 20 ọdún lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Àwọn ọsibítù náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ètò ìjọba fi wà ní 750 náírà. Ní gbogbo ọdún yẹn, epo ń gbówó lórí, oògùn ń gbówó lórí, 750 náírà kò kúrò lójú kan. Ọdún 2025 ni ìjọba tó fi 93 nínú 100 lé e. Ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ mọ ohun tí 750 náírà lè rà.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tó kówó sọ́wọ́ wọ ọsibítù ni wọ́n ń tètè dá lóhùn. Ẹni tó na káàdì sókè, ẹ̀yìn ló máa tò sí. Lábẹ́ ètò ìjọba, 10 náírà nínú 100 náírà owó oògùn ló yẹ kí aláìsàn san. Ṣùgbọ́n bó bá dé ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, wọ́n á ní oògùn tí dókítà kọ kò sí nílẹ̀, tàbí pé kò sí nínú ìwé HMO rẹ̀, kó lọ rà á ní kẹ́míìsì níta. Owó tó ti dá láti ọjọ́ yìí wá dà?

OWÓ TÍ WỌN KÒ NÁ, ÈRÈ NI

Kì í ṣe pé ìkà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní HMO. Ọmọ èèyàn bíi tiwa ni wọ́n. Bí òwò náà ṣe rí ló fà á. Alátà tó ra apẹ̀rẹ̀ ata, bó bá ṣe tà á tó ló máa jèrè tó. Òwò ìnṣọ́ránsì yàtọ̀ sí èyí. Owó ti wọlé kí ọjà tó jáde. Gbogbo kọ́bọ̀ tí wọn kò bá san fún aláìsàn, àpò ilé iṣẹ́ ló ń gbé. Kí ló wá máa wù wọ́n? Kí ẹni tó ń sanwó pọ̀, kí ẹni tó ń gba ìtọ́jú kéré. Oníṣòwò tí kò bá rò ó bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ wọ gbèsè.

Ìdí rèé tí ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì aládàáni fi máa ń kún fún "a kì í san tibí, a kì í san tọ̀hún". Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn gbà fún un. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n á fi òdiwọ̀n sí i. Bàbá àgbà tó ti dàgbà kọjá iṣẹ́, ẹni tó nílò dókítà jù lọ, òun gan-an ni wọn kì í fẹ́ gbà wọlé, tàbí kí wọ́n bu owó tápá ò ká lé e.

Tún wo èyí: ilé iṣẹ́ ọ̀gá ẹni ló ń san owó náà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ọjọ́ náà ni káàdì rẹ̀ kú. Ìgbà tí owó tán lọ́wọ́, tí ìrònú fẹ́ dá àìsàn síni lára, ìgbà náà ni wọ́n gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò tó yẹ kó fi agboòrùn yẹn ṣe ààbò fún ara rẹ̀ ti dé, agboòrùn ti lọ.

TA NI Ọ̀GÁ ALÁTÀ?

Bó bá rí báyìí fún akọ̀wé báńkì, báwo ni ti ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba? Ta ni ọ̀gá rẹ̀ tó máa bá a san tirẹ̀? Ta ni ọ̀gá fọ́kanáísà tó wà lábẹ́ igi? Télọ̀ ńkọ́, káfíńtà ńkọ́, onídìrí ńkọ́? Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nílùú, àwọn sì ni ìnṣọ́ránsì tó dúró lórí owó oṣù kò lè rí mú. HMO kì í lọ kiri sọ́ọ̀bù láti wá wọn, nítorí èrè tó wà lára wọn kò tó nǹkan.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn 20 ọdún, àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì ìlera ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10 nínú 100 lọ. Nínú 100 náírà tí wọ́n sì ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 náírà tó ń jáde láti àpò aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ tààrà, láti inú gèlè, láti abẹ́ ìró, láti inú kóló.

Kò sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ ohun tó ń tẹ̀yìn èyí wá. Télọ̀ á ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè fi san owó iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ara rẹ̀ bá sì yá, kò ní rí nǹkan fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá alátà á da gbogbo owó ọjà sórí ọmọ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ yòókù á sì kúrò nílé ìwé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á lo oògùn lóṣù méjì, á fi í sílẹ̀ lóṣù kẹta nítorí owó, á ní ara òun ti mókun. Lọ́jọ́ kan ṣáá, rọpárọsẹ̀ á dé. Oògùn tí kò lè rà díẹ̀díẹ̀ á wá di àìsàn tí gbogbo ẹbí kò lè gbé.

Ti aboyún ló tún burú jù. Ó bímọ tán, wọ́n gé e lábẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ owó kò pé. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ló máa ń dá irú wọn dúró ní wọ́ọ̀dù títí tí ẹbí á fi rówó mú wá. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ayọ̀, gbèsè ló kọ́kọ́ bá pàdé. Nígbà tí àwọn aboyún mìíràn bá sì gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, wọn kì í dé ọsibítù mọ́, ilé ni wọ́n á ti máa rọbí, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà tán ni wọ́n á tó máa wá mọ́tò.

LÁTI AMẸ́RÍKÀ NI WỌ́N TI KÓ HMO WÁ

Orúkọ HMO yìí kì í ṣe orúkọ ilé wa. Ọdún 1973, nígbà tí Richard Nixon jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe òfin tó fi àwọn HMO múlẹ̀ níbẹ̀. Ó dára ká wo bó ti rí fún àwọn tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́, àjọ tó dùn gbọ́ ni. Lọ́dún 1929, ọsibítù kan nílùú Dallas ní kí àwọn tíṣà máa san àádọ́ta sẹ́ǹtì lóṣù, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú fún ọjọ́ 21 bí ara wọn kò bá yá. Nígbà tí ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba wọn ní kí ẹnikẹ́ni má fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìnṣọ́ránsì fa òṣìṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn. Báyìí ni ìlera ṣe di ohun tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́. Lọ́dún 1945, Ààrẹ Harry Truman fẹ́ kí ìjọba ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbógun tì í, ọ̀rọ̀ náà kò sì yọrí. Ọdún 1965 ni ìjọba Lyndon Johnson tó rí ti àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 àti ti àwọn aláìní ṣe. Ọdún 2010 ni òfin tí Barack Obama bu ọwọ́ lù tó dé, èyí tó wá ka á léèwọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa lé ẹni tó ti ní àìsàn lára tẹ́lẹ̀ dànù.

Síbẹ̀, lọ́dún 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 26 èèyàn ni kò ní ìnṣọ́ránsì kankan ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tó ń náwó sórí ìlera ju gbogbo ayé lọ. Ẹni tó ní pàápàá kò tíì bọ́. Iye kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lápò ara rẹ̀ lọ́dún kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a san. Bó bá ṣèèṣì lọ sí ọsibítù tí kò sí nínú ìwé wọn, tirẹ̀ ló jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Houston tàbí Chicago, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n bá pè yín. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹlòmíì wà tí kì í fẹ́ fi iṣẹ́ tó sú u sílẹ̀, nítorí káàdì ìlera àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ìnṣọ́ránsì aládàáni kò bá lè kárí ní ilẹ̀ olówó, ibo ló fẹ́ gbà kárí ní Mùṣin àti Bẹẹrẹ?

ÀJỌ ÀWỌN AWAKÙSÀ

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ilẹ̀ Wales, lára Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Tredegar. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń wa èédú nínú kòtò àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin ló ń gbé ibẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiyín ni wọ́n. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n fi ń gba dókítà àti nọ́ọ̀sì fún ara wọn àti ẹbí wọn. Kò sí aládàáni tó ń jèrè láàárín. Ẹni tó bá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yìí, òun ni wọ́n dáwó fún.

Ìlú yìí ni wọ́n bí Aneurin Bevan sí. Awakùsà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì wọ kòtò èédú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní Tredegar lòun fẹ́ ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948 ni wọ́n dá NHS sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, owó orí tí ará ìlú ń san fún ìjọba ló ń tọ́jú aláìsàn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èló ló wà lápò obìnrin tó ń rọbí.

Kò túmọ̀ sí pé kò ní àbùkù. Ní England, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lórí oògùn àti ìtọ́jú eyín. Àwọn tó ń tò dúró de iṣẹ́ abẹ àti dókítà àgbà pọ̀ gan-an. Lọ́dún 2024, iye ìtọ́jú tó wà lórí ìlà lé ní mílíọ̀nù 7. Àwọn ọmọ wa tó bá gba físà lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé lọ́hùn-ún náà ń ráhùn, nítorí láti oṣù kejì ọdún 2024, 1,035 pọ́ùn lọ́dún ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wọn ń san fún ìlera kí wọ́n tó wọ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dúró lórí ìlà mọ̀ pé ó máa kan òun. Ẹni tí owó lé kúrò ní ọsibítù, ìlà wo ló wà?

NÍLÉ WA NÁÀ, A TI RÍ I RÍ

Ẹnì kan lè ní ti òyìnbó nìyẹn. Rárá o! Nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn láàárín ọdún 1952 sí 1959, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún àwọn ọmọdé títí dé ọdún 18. Lọ́dún 1979, ẹgbẹ́ UPN gbé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wá mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ márààrún tí wọ́n ti wọlé: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Àwọn àgbà ọjà á rántí bí èrò ṣe ń pọ̀ ní ọsibítù Adéọ̀yọ́ nígbà náà. Òótọ́ ni pé oògùn ń tán, owó epo rọ̀bì sì wálẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, àwọn sójà gbàjọba. Nígbà tí SAP wá dé lọ́dún 1986, "sanwó kó o tó gba ìtọ́jú" di òfin ojoojúmọ́.

Ghana tó wà nítòsí wa náà jìyà irú rẹ̀, "cash and carry" ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 2003, wọ́n ṣòfin ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba. Wọ́n fi 2.5 nínú 100 lé owó orí ọjà, kí gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan lè dá sí àjọ náà. Láti ọdún 2008, aboyún kì í sanwó kó tó wọ̀ ọ́. Ìjọba wọn máa ń jẹ ọsibítù ní gbèsè, ìyẹn ò ṣeé fi pamọ́. Síbẹ̀, ohun tí Ghana mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ìlú ni wọ́n ti ń kó àjọ jọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọ̀gá nìkan.

"WỌ́N Á JẸ Ẹ́ RUN!"

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń sọ nìyí: "Ìjọba wa yìí? Wọ́n á jẹ owó náà run!" Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò. Bí alájọ kan bá sá lọ, ṣé ọjà máa ń torí ẹ̀ fi àjọ sílẹ̀? Alájọ mìíràn ni wọ́n á wá, wọ́n á sì máa wo ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n kì í torí olè ṣe fìlà, kí wọ́n má dé e. Owó ìlera ń jáde lónìí náà, ó ń jáde lápò ẹni tí kò ní, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí.

Òfin pàápàá ti wà nílẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1 náírà nínú 100 náírà owó tó bá wọlé fún un, kó fi ṣètò ìlera àwọn ará ìlú ní ọsibítù kéékèèké àdúgbò. Ọdún 2018 ni owó náà tó wọ ìwé ìṣirò ìjọba! Ọdún 2001 ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní Àbújá, tí wọ́n ṣèlérí láti máa ná 15 nínú 100 owó ìjọba wọn sórí ìlera. Nílẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣèlérí náà, àwa gan-an kò tíì mú un ṣẹ.

Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tuntun. Òfin náà sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn àgbà àti abirùn. Dandan rèé, ọ̀rọ̀ ọba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn sọ ọ́ di dandan fún alátà láìfi owó ìjọba sí i, tí wọ́n sì tún fi aládàáni ṣe alágbàtà, owó orí mìíràn ni wọ́n kó wá yẹn.

OHUN TẸ́ Ẹ LÈ ṢE LÓNÌÍ

Kí gbogbo rẹ̀ tó tò, ẹ má káwọ́ gbera. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò tirẹ̀ tó ń jẹ́ Ìlera Èkó, ní oṣù keje ọdún 2024 sì ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú pàṣẹ pé ó ti di dandan. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì náà ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Ti ìjọba ni ìwọ̀nyí, owó ọdún wọn sì máa ń kéré sí ti aládàáni. Ẹ dé ọsibítù kékeré àdúgbò yín, ẹ béèrè iye rẹ̀ àti àìsàn tó kó mọ́ra. Ẹ béèrè bóyá aboyún àti ọmọ kékeré lè wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láìgba risíìtì.

Ẹ tún mọ èyí sórí: lábẹ́ abala 20 òfin ìlera ọdún 2014, ọsibítù kankan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san 100,000 náírà owó ìtanràn, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ ọ́ sí ara ògiri ìpàdé wọn.

Àmọ́ ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹnì kan kò lè dá ètò ìlera ṣe fún ara rẹ̀, àfi bí gbogbo ìlú bá dá a pọ̀. Àjọ kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn, owó ìjọba fún ẹni tí kò ní, ọsibítù àdúgbò tó ní oògùn àti nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má sì jèrè lórí pé aláìsàn kò rí ìtọ́jú gbà. Ohun tó yẹ kí ìyálọ́jà, bàbá ìsàlẹ̀ àwọn mẹkáníìkì àti alága ẹgbẹ́ télọ̀ máa béèrè nìyẹn.

Àwọn olóṣèlú ṣì máa padà wá sọ́jà. Wọ́n á pín ìrẹsì, wọ́n á pín ankara, wọ́n á jó lẹ́yìn onílù. Kí wọ́n tó kúrò níwájú ìsọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Bí ara mi kò bá yá lálẹ́ òní, tí kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ọsibítù wo ló máa gbà mí?" Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, kó máa gbé ìrẹsì rẹ̀ lọ.